Ẹgbẹ̀rin Ẹṣin, Kì í Ṣe Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rún

Ọjọ́ kẹrin, oṣù kejì

Bàbá mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ sì kú iṣẹ́. Ṣé ara le? Ṣé orúnkún Màámi ti jẹ́ kí wọ́n gbádùn díẹ̀?

Ẹ jẹ́ kí n ti ibi ẹjọ́ bẹ̀rẹ̀, kí ìyókù lẹ́tà yìí lè dùn. Mo pè yín ní ọjọ́ Àìkú tó kọjá. Mo ní, “Bàbá, ara mi ò yá láti ọjọ́ márùn-ún.” Ẹ ní, “A dúpẹ́ o, bẹ́ẹ̀ náà la ṣe ń fẹ́ ẹ.” Mo tún un sọ, ẹ ní kí n bá yín kí gbogbo ará ibi iṣẹ́. Kí n tó mọ ohun tí mo máa sọ, ẹ ti ti fóònù bọ Màámi lọ́wọ́. Mi ò ní purọ́, mo sunkún lọ́jọ́ náà. Bó bá jẹ́ pé ẹ̀ ń bínú torí pé mi ò wálé lọ́dún tó kọjá, ẹ bú mi. Ẹ̀yin lẹ bí mi. Ẹ kàn má máa dá mi lóhùn bí ẹni pé alákọ̀wé báńkì ló ń pè yín.

Ọ̀fìnkìn ló ṣe mí, ó ti lọ. Ìròyìn gidi tí mo ní rèé: wọ́n ti mú mi kúrò nídìí fífọ irin. Inú yàrá ìwọ̀n ni mo wà báyìí. Ògiri yàrá náà nípọn, fèrèsé gíláàsì kan ṣoṣo ló ní. A ó de ẹ́ńjìnnì mọ́ irin láàárín rẹ̀, a ó so ó mọ́ ẹ̀rọ kan tí wọ́n ń pè ní dáínò. Ẹ́ńjìnnì á máa sáré, dáínò á máa dì í mú, bí ìgbà tí géńdé méjì bá ń fa okùn. Bí ẹ́ńjìnnì bá ṣe lè fà tó ni ẹ̀rọ náà máa kọ sílẹ̀, iye agbára ẹṣin tó ní nìyẹn. Èmi ni mo máa ń jókòó lẹ́yìn gíláàsì tí mo ń darí rẹ̀. Èmi náà ni mo sì ń fọwọ́ sí ìwé tí wọ́n ń fún oníbàárà.

Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ eré ìje là ń ṣe, onípístìn mẹ́jọ, tí bulọ́ọ̀kù rẹ̀ tóbi gan-an. Ìkúùkù mi wọ inú ihò pístìn kan, àyè sì tún ṣẹ́ kù. Èyí tó wà níwájú mi báyìí jẹ́ ti ọkùnrin kan tí gbogbo wa ń pè ní Dírẹ́bà. Bọ́ọ̀sì akérò ni wọ́n ń wà, ọdún méjìlélógún rèé, wọn ò fi kọ lu ẹnikẹ́ni rí. Ọdún mẹ́jọ ni wọ́n fi ń kó irin ẹ́ńjìnnì yìí jọ lọ́kọ̀ọ̀kan, torí pé láti kékeré ló ti ń wù wọ́n láti sáré ìje lẹ́ẹ̀kan péré kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Ọ̀gá wa ti ṣèlérí ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rún ẹṣin fún wọn. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ ni a ó wọ̀n ọ́n.

Ẹ dáhùn o. Ẹ má jẹ́ kó jẹ́ Màámi ló máa bá yín dáhùn.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù kejì

Ọlọ́wọ́ Ọ́ìlì, ọmọ mi,

Kú iṣẹ́ o. A wà láàyè, orúnkún ìyá rẹ náà wà láàyè, ohùn rẹ̀ sì ga ju tiwa lọ nínú ilé.

Mi ò bínú sí ọ. Fóònù yẹn ni èmi àti ẹ̀ kò rẹ́. Ohùn inú rẹ̀ ń ṣe bíi kòkòrò tí wọ́n sé mọ́nú ìgò, kò sì yẹ kí èèyàn máa bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ lọ́nà bẹ́ẹ̀. Lẹ́tà ni kó o máa kọ sí mi. Mo lè kà á lẹ́ẹ̀mẹ́rin, kí n sì fi pamọ́ sínú àpótí irinṣẹ́.

Mo ka èyí tó dé yìí fún Wẹ́dà tó ń jó irin ní ṣọ́ọ̀bù tó tẹ̀lé tèmi. Nígbà tí mo dé ibi ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rún ẹṣin, ó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó ní, “Bàbá, ta ló ń bá wọn gbálẹ̀ ìgbẹ́ wọn?” A rẹ́rìn-ín títí. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, kò sí ẹni tó dúró lójú ọ̀nà wa tí kò gbọ́ pé ọmọ mi obìnrin ló ń wọn agbára ẹ́ńjìnnì fún àwọn tó ń sáré ìje. Inú mi dùn, mi ò lè fi pa mọ́.

Iṣẹ́ ń lọ. Ọjọ́ mẹ́ta sẹ́yìn, wọ́n gbé ọkọ̀ kan wá láti ọ̀nà jíjìn, nítorí etí mi tó ń gbọ́ àìsàn ẹ́ńjìnnì náà ni. O mọ̀ pé ọ̀rọ̀ etí yìí ti di òkìkí.

Ohun kan ṣoṣo ni mo ní láti sọ fún ọ. Nígbàkígbà tó o bá fọwọ́ síwèé, rántí pé èèyàn kan máa gbà á gbọ́. Má fọwọ́ sí ohun tí ojú rẹ kò rí.

Ìyá rẹ ní kí n béèrè bóyá aṣọ òtútù rẹ nípọn dáadáa.

Bàbá rẹ.


Ọjọ́ kẹtàlá, oṣù kẹta

Bàbá mi,

Ẹ kú ilé o. Aṣọ òtútù mi nípọn, ẹ bá mi sọ fún Màámi.

Mo ti ṣe ohun tí ẹ ní kí n má ṣe. Kí lẹ́tà yín tó dé ni mo ti ṣe é. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á tán kí ẹ tó bínú.

A wọn ẹ́ńjìnnì Dírẹ́bà. Ẹgbẹ̀rin ló jáde. Ẹ̀ẹ̀mẹta la wọ̀n ọ́n, ẹgbẹ̀rin náà ni. Ẹ́ńjìnnì tó dára ni, Bàbá, ẹgbẹ̀rin kì í ṣe ohun ìtìjú. Ọ̀gá wọlé, wọ́n wo ojú ẹ̀rọ, wọ́n ní, “Kí lèyí?”

Mo ní, “Ohun tó ní nìyẹn, sà.”

Wọ́n ní, “Ohun tí a ṣèlérí kọ́ nìyẹn. Tú bẹ́líìtì, yọ ẹ̀rọ omi, bọ́ sàlẹ́ńsà kúrò.”

A bọ́ ẹ̀ báyìí, bí ẹni bọ́ aṣọ lára eléré kó lè fúyẹ́. Ó gòkè díẹ̀, kò dé ibẹ̀. Ọ̀gá bá jókòó sórí àga mi. Dáínò máa ń béèrè bí afẹ́fẹ́ inú yàrá ṣe gbóná tó, torí pé ẹ́ńjìnnì kì í fi bẹ́ẹ̀ lágbára nínú ooru, ẹ̀rọ á sì fi díẹ̀ kún iye náà láti fi gbè é lẹ́sẹ̀. Òtútù ń mú wa lọ́jọ́ náà, mo wọ ìbọ̀wọ́. Ọ̀gá kọ ọ́ sínú ẹ̀rọ pé ooru pọ̀ bí ẹni wà nínú ilé búrẹ́dì. Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rún jáde. Wọ́n ní, “Gbogbo ṣọ́ọ̀bù ló ń ṣe é. Fọwọ́ sí i.” Mo fọwọ́ sí i. Oṣù kan péré ni mo ti lò nínú yàrá yẹn, mo sì bẹ̀rù pé wọ́n á dá mi padà sídìí irin fífọ̀.

Èyí tó ń dẹ́rù bà mí jù rèé. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì sáré dé góńgó, mo gbọ́ nǹkan kan lábẹ́ ariwo rẹ̀. Tíín, tíín, tíín, bí ẹni gbọn òkúta wẹ́wẹ́ nínú agolo. Ọ̀gá ní fáànù inú yàrá ni. Kò dá mi lójú. Nígbà kan, ẹ kọ́ mi pé bí epo bá ń gbiná ṣáájú àkókò rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ló máa ń dún, pístìn ló sì ń jẹ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Mo ti ká ohùn rẹ̀ sílẹ̀, mo sì ti fi ránṣẹ́ sórí fóònù Màámi. Ẹ bá mi gbọ́ ọ. Mo sọ fún Ọ̀gá pé bàbá mi mọ ẹ́ńjìnnì láti ìkóríta kó tó dé ẹnu ọ̀nà. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kí n béèrè nígbà náà, torí pé ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́ Dírẹ́bà kò tíì tó, ẹ́ńjìnnì náà á ṣì wà lọ́dọ̀ wa títí ìparí oṣù tó ń bọ̀. Bí ẹ bá ní kò dára, a ó tú u. Bí wọn ò bá fẹ́ tú u, màá dùbúlẹ̀ níwájú ọkọ̀ tó bá wá gbé e.

Ẹ̀yin ni mo gbójú lé.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kẹta, oṣù kẹrin

Ọmọ mi,

Kú ìdààmú ọkàn.

Mo gbọ́ ọ. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ìyá rẹ gbé fóònù sí mi létí. Ohùn rẹ̀ jinlẹ̀, ó dúró ṣinṣin, ó sì kún. Mi ò gbọ́ òkúta kankan nínú rẹ̀. Ó lè jẹ́ fáànù náà ni bí ọ̀gá rẹ ṣe sọ. Ẹ gbé ẹ́ńjìnnì fún ẹni tó ni ín.

Ti ìwé yẹn ló dùn mí. Lọ bá ọkùnrin náà kó tó gbé ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lọ. Sọ fún un pé ẹgbẹ̀rin ni. Bí wọ́n bá dá ọ padà sídìí irin fífọ̀, irin náà la fi bí ọ, wàá fọ̀ ọ́. Má jẹ́ kí ẹ̀rù ọ̀gá jẹ́ kó o purọ́ fún ẹni tó ní ìgbẹ́kẹ̀lé nínú rẹ.

Mi ò ní kọ púpọ̀ lónìí. Ó rẹ̀ mí.

Bàbá rẹ.


Ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù karùn-ún

Bàbá mi,

Dírẹ́bà ti kú.

Ẹ má bínú pé mi ò kí yín. Ọjọ́ kẹsàn-án rèé, mi ò sì mọ bí wọ́n ṣe ń bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ mọ́.

Mi ò sọ fún wọn. Ní ọjọ́ tí wọ́n wá gbé ẹ́ńjìnnì, wọ́n wọ aṣọ iṣẹ́ wọn tí wọ́n lọ̀, wọ́n ka ìwé náà, wọ́n fọwọ́ pa á bí ẹni pa orí ọmọ, wọ́n sì rọra ká a sínú àpò àyà. Ẹnu mi kò gbà á. Mo ní tó bá di ọ̀la. Ọ̀la di ọ̀sẹ̀ kan.

Wọ́n pè mí sí pápá ìje wọn. Àkọ́kọ́ tí wọ́n sá, ọkọ̀ náà kò yá tó bí wọ́n ṣe rò. Ẹlẹ́ẹ̀kejì, bákan náà. Àwọn tó dúró níbẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Ọ̀kan ní, “Pẹ̀lú ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rún ẹṣin? Bọ́ọ̀sì lẹ mọ̀ ọ́n wà, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ máa dúró ní gbogbo ibùdókọ̀.” Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Dírẹ́bà náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo rí ojú wọn. Wọ́n ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, wọ́n ní táímìn ni kò tíì tó, wọ́n sún un síwájú kí iná lè tètè máa ta. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wò mí, wọ́n ní, “Ọmọ mi, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rún náà ni, àbí?”

Mo ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, sà.”

Wọ́n bá tún un sún.

Ní ìgbà kẹta, mo gbọ́ òkúta nínú agolo láti ibi tí mo dúró sí. Mo pariwo, kò sẹ́ni tó gbọ́ mi. Irin kan fọ́ bulọ́ọ̀kù jáde, ọ́ìlì dà sábẹ́ táyà, ọkọ̀ yí, ó sì fi ẹ̀gbẹ́ lu ògiri. A kò tíì gbé wọn dé ilé ìwòsàn tí wọ́n fi dákẹ́.

Ọ̀gá tú ẹ́ńjìnnì náà wò. Mi ò ní pè é ní “wọ́n” mọ́ láti òní lọ, ẹ má bá mi wí. Ó ní Dírẹ́bà ló sún táímìn, òun ló pa ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n èmi náà di pístìn mú lọ́wọ́. Méjì nínú wọn ti jẹ bí igi tí ikán wọ̀. Jíjẹ ọ̀kan ti pẹ́, ọ́ìlì ti dúdú sínú ọgbẹ́ rẹ̀. Inú yàrá mi ló ti bẹ̀rẹ̀.

Mo tún ohùn tí mo ká gbọ́ lánàá. Òkúta wà níbẹ̀, Bàbá. Ó wà níbẹ̀ ketekete. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń wà lórí oúnjẹ, tí ẹ ó ní ọkọ̀ tó ń kọjá lójú títì máa dákẹ́ kó tó dé igun, tó sì máa ń dákẹ́. Kí lẹ gbọ́? Ẹ ṣàlàyé rẹ̀ fún mi. Mo bẹ̀ yín.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kẹwàá, oṣù kẹfà

Ọmọ mi, ọkọ mi,

Èmi ìyá rẹ ni mo ń kọ èyí. O mọ̀ pé ìwé kíkọ kò bá mi lára mu, fojú fo àṣìṣe mi.

Bàbá rẹ ka lẹ́tà rẹ lórí ìjókòó, ó sì jókòó síbẹ̀ di ọ̀sán. Mo ní kó dá ọ lóhùn, ó ní ọwọ́ òun kò lè mú bírò. Nítorí náà, èmi ni màá sọ ohun tí a ti ń fi pa mọ́ fún ọ.

Bàbá rẹ kò gbọ́ràn mọ́. Ọdún kẹta rèé. Dókítà ní ariwo ẹ́ńjìnnì ló jẹ ẹ́ ní etí, díẹ̀díẹ̀, láti ìgbà tó ti ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ̀. Ohùn tó tín-ín-rín ló kọ́kọ́ lọ. Kò gbọ́ ẹyẹ mọ́, kò gbọ́ ìgbà tí omi bá ń hó, lẹ́yìn náà kò gbọ́ ohùn tèmi. Ohun tó bá ń dún wúù bí òjò tó ń bọ̀ lókèèrè nìkan ló ṣì ń gbọ́. Ó ní kí n má sọ fún ọ. Ó ní wàá pa iṣẹ́ rẹ tì, wàá sáré wálé.

Àwọn ọkọ̀ tó ní wọ́n ń gbé wá láti ọ̀nà jíjìn, kò sí èyíkéyìí.

Ó ku èyí tó nira jù. Èmi ni mo gbé fóònù sí i létí. Mo gbọ́ òkúta náà, ọmọ mi. Mi ò mọ̀ pé òkúta ni. Mo rò pé bí wọ́n ṣe ń dún níbẹ̀ nìyẹn. Mo wo ojú rẹ̀, ó mi orí, ó ní, “Ó dára.” Ó ti pẹ́ tí mo ti rí i tó mi orí bẹ́ẹ̀ fún nǹkan kan. Mi ò bá a jiyàn.

Má dákẹ́ sí wa. Bó bá jẹ́ èébú lo ní, kọ ọ́ wá.

Ìyá rẹ.


Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹsàn-án

Ọmọ mi,

Lẹ́tà kejì tí mo kọ sí ọ láti ìgbà tí ìyá rẹ ti kọ tirẹ̀ nìyí. O kò dáhùn ti àkọ́kọ́. Màá tún ohun tí mo sọ nínú rẹ̀ sọ, bóyá kò dé ọwọ́ rẹ ni.

Mo gbọ́ ariwo ńlá inú ohùn tí o fi ránṣẹ́. Ó dùn mọ́ mi bí ìgbà tí ẹni tó ti rìnrìn àjò jìnnà bá pè mí lórúkọ. Mo mọ̀ pé ohun tí o ní kí n gbọ́ jẹ́ ohùn tíńtín. Mo mọ̀ pé irú ohùn bẹ́ẹ̀ kì í dé ọ̀dọ̀ mi mọ́. Mo mọ̀ ọ́n, mo sì kọ ọ́ sínú lẹ́tà pé kò sí níbẹ̀.

Àwíjàre kọ́ ni mo ń ṣe. Ṣùgbọ́n kó o lè mọ̀: láti ọdún méjì, kò sẹ́ni tó béèrè ohun tí mo gbọ́ lọ́wọ́ mi. Àwọn oníbàárà á wá, wọ́n á wo ojú mi, wọ́n á lọ. Ìwọ béèrè. O tilẹ̀ ti fi mí yangàn lọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ. Mi ò rí ẹnu sọ fún ọ pé ọkùnrin tí o ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ kò sí mọ́.

Nínú lẹ́tà kan náà, mo ní kí o lọ sọ òtítọ́ fún oníbàárà rẹ. Mo kọ ìyẹn pẹ̀lú ọwọ́ tí mo fi kọ irọ́.

Ọkùnrin náà ní ìyàwó bí? Ó ní ọmọ?

Bàbá rẹ.


Ọjọ́ kẹfà, oṣù kọkànlá

Bàbá mi,

Gbogbo lẹ́tà yín dé. Ti Màámi náà dé. Ẹ forí jì mí pé mo dákẹ́.

Mo bínú sí yín. Oṣù méjì gbáko ni mo fi bínú, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kó tán nínú mi. Etí yín tó dí kọ́ ló bí mi nínú. Ohun tó bí mi nínú ni pé ẹ jẹ́ kí n máa pariwo sínú fóònù fún ọdún mẹ́ta, tí mo rò pé ẹ kò fẹ́ràn mi mọ́.

Lẹ́yìn náà ni mo wá rò ó síwájú. Nígbà tí Dírẹ́bà bi mí léèrè lójúkojú, etí tèmi kò dí. Mo gbọ́ ìbéèrè náà dáadáa. Ẹ̀yin kò gbọ́, ẹ ní ẹ gbọ́. Èmi gbọ́, mo sì purọ́. Nítorí náà mi ò ní jẹ́ kí ẹ gbé ẹrù yìí nìkan, Bàbá. Ìpín tèmi ló pọ̀ jù.

Dírẹ́bà ní ìyàwó. Ọmọbìnrin méjì ni wọ́n fi sílẹ̀. Ìyàwó wọn ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń fọ aṣọ ilé ìwòsàn, yàrá méjì ni wọ́n sì ń gbé, lókè ṣọ́ọ̀bù ẹni tó ń ṣe bàtà. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo dé ìdí àtẹ̀gùn wọn tí mo padà. Ní ìgbà karùn-ún, òun fúnra rẹ̀ ló ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́, ó ní, “Ta lò ń wá?” Mo ní ẹ̀yin ni, mà.

Kò ní kí n jókòó. Ó ń ká aṣọ bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀. Aṣọ iṣẹ́ Dírẹ́bà ṣì wà lórí ìkọ́ lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó mọ́ tónítóní. Mo sọ gbogbo rẹ̀: bẹ́líìtì tí a tú, ooru tí a fi purọ́ fún ẹ̀rọ, òkúta inú agolo, “bẹ́ẹ̀ ni, sà” tí mo sọ lẹ́nu. Nígbà tí mo dé ibi ẹgbẹ̀rin, ó dá aṣọ kíká dúró.

Ó ní, “Dúró ná. Kì í ṣe pé kò mọ̀ ọ́n wà?”

Mo ní, “Rárá, mà. Bí ẹ́ńjìnnì náà ṣe lágbára tó ni wọ́n fi wà á. Kò sẹ́ni tó lè mú kó sáré jù bẹ́ẹ̀ lọ.”

“Ìwọ mọ̀ ọ́n dájú?”

“Èmi ni mo wọ̀n ọ́n, mà.”

Ó jókòó. Ó ní, “Níbi ìsìnkú rẹ̀, mo gbọ́ tí wọ́n ń sọ ọ́ lẹ́yìn mi. Wọ́n ní awakọ̀ bọ́ọ̀sì tó fẹ́ ṣe ju ara rẹ̀ lọ. Àwọn ọmọ mi gbọ́ ọ. Àkọ́bí mi ní òun kò fẹ́ kí wọ́n máa bi òun pé kí ló pa bàbá òun.” Ó dìde, ó mú ìwé àti bírò wá, ó gbé e síwájú mi. “Kọ ọ́ sílẹ̀.”

Mo kọ ọ́, pé ẹgbẹ̀rin ni ẹ́ńjìnnì náà, pé èmi ni mo fọwọ́ sí ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rún, pé ó ti ń bàjẹ́ kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án. Mo fọwọ́ sí i. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn náà ó ní, “Mi ò dárí jì ọ́. Má retí ẹ̀ lọ́dọ̀ mi. Ṣùgbọ́n o wá, o sì sọ ọ́.” Ó ṣílẹ̀kùn fún mi.

Lọ́jọ́ kejì, ó lẹ ìwé náà mọ́ ògiri ní gáréèjì bọ́ọ̀sì, níbi tí àwọn awakọ̀ ti ń wo àkókò iṣẹ́ wọn. Wọ́n ní gbogbo wọn ló kà á, pé ẹni tó fi Dírẹ́bà ṣe yẹ̀yẹ́ lọ́jọ́ náà dúró níwájú rẹ̀ títí bọ́ọ̀sì rẹ̀ fi pẹ́ kó tó gbéra.

Ọ̀gá lé mi. Ó pè mí ní abínú ẹni, ó ní mo ti ba ilé tó ń bọ́ mi jẹ́. Ọ̀rọ̀ ti dé ilé ẹjọ́ báyìí, èmi sì ni ẹlẹ́rìí. Agbẹjọ́rò sọ fún mi pé wọ́n lè dá èmi náà lẹ́bi, mo ní mo mọ̀. Mi ò lè kúrò ní ìlú yìí títí yóò fi parí, nítorí náà ẹ má retí mi lọ́dún yìí. Ẹ̀rọ ìfọṣọ ni mo ń tún ṣe báyìí ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan. Kì í pariwo.

Bàbá, ẹ kò sọ bí ara yín ṣe rí. Ṣé etí náà ń dùn yín?

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù kejìlá

Ọlọ́wọ́ Ọ́ìlì, ọmọ mi,

Kú ìdúró. Kú ìgboyà. Mo ka lẹ́tà rẹ tán, mo fi fún ìyá rẹ, òun náà kà á.

Kò dùn mí nínú etí. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ rẹ̀ ló ń dùn mí.

Lẹ́yìn tí mo ka tìrẹ, mo jáde lọ bá Wẹ́dà, mo ní, “Mo fẹ́ sọ nǹkan fún ọ. Mi ò gbọ́ràn mọ́.” Ó kọ èsì rẹ̀ sórí páálí pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì: *Bàbá, gbogbo wa la ti mọ̀.* Wọ́n ti mọ̀ láti ọdún méjì, ọmọ mi. Wọ́n ń bá mi lọ lójú ọ̀nà kí mọ́tò má bàa gbá mi, èmi rò pé wọ́n fẹ́ràn ìtàn mi ni. Mo rẹ́rìn-ín, mo sì sunkún, níbẹ̀ náà, níwájú gbogbo wọn. Mo ti kọ ọ́ sí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù báyìí pé mi ò fi etí yẹ ẹ́ńjìnnì wò mọ́. Bíréèkì ni mo ń ṣe, àti ohunkóhun tí ojú àti ọwọ́ bá tó. Ẹni méjì ti wá.

Sọ gbogbo rẹ̀ fún adájọ́. Bí wọ́n bá bi ọ́ léèrè ọ̀rọ̀ ohùn tí o fi ránṣẹ́ sí mi, sọ ìyẹn náà, dárúkọ mi. Má dáàbò bò mí.

Ìyá rẹ ń kọ́ mi ní iṣẹ́ tuntun. Ní ìrọ̀lẹ́, a ó gbé àga síta, á máa sọ̀rọ̀ láìjẹ́ kí ohùn jáde, èmi á máa wo ètè rẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀, mo rò pé ó ní kí n lọ sùn, ó ń béèrè bóyá mo fẹ́ omi ni. Ṣùgbọ́n mo ti ń kà á báyìí. Ó máa ń yí ẹnu sí ọ̀tún bó bá fẹ́ purọ́, mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ láti bí ọgbọ̀n ọdún. Ti Wẹ́dà kò ṣeé kà, irungbọ̀n ti bò ó; ọ̀rọ̀ ìgbẹ́ ẹṣin tí mo ní ó sọ, èmi ni mo rò ó fúnra mi.

Ní ọjọ́ kan mo jókòó, mo ní kí n rántí bí ẹnu tìrẹ ṣe máa ń rí bí o bá ń sọ̀rọ̀. Mi ò rí i. Mo rántí ọwọ́ rẹ, mo rántí bí o ṣe máa ń di sípánà mú, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ, rárá. Nígbà tí o wà lọ́dọ̀ mi, abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì ni ojú mi máa ń wà bí o bá ń bá mi sọ̀rọ̀. Etí ni mo fi ń gbọ́ ọ, mo sì rò pé ìyẹn ti tó.

Nígbà tí wọ́n bá parí pẹ̀lú rẹ níbẹ̀, bó ti wù kó pẹ́ tó, máa bọ̀. Jókòó sí iwájú mi níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Sọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀. Màá ṣi ọ̀pọ̀ rẹ̀ gbọ́, má bínú, kó o tún un sọ.

Bàbá rẹ.